Lafcadio Hearn, Ẹni tí Ó Di Koizumi Yakumo (1850–1904)

Nínú àwọn òǹkọ̀wé ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí wọ́n kọ lítíréṣọ̀ alohùn àwọn ènìyàn oríṣìíríṣìí sílẹ̀, Lafcadio Hearn jẹ́ ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́. Ọmọ Gíríìsì ni ìyá rẹ̀, ọmọ Írẹ́láńdì ni bàbá rẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sì ti kọ́ṣẹ́ akọ̀ròyìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jàpáànì ni ó fi ṣe ilé. Ibẹ̀ ni ó ti láya, ibẹ̀ ni ó bímọ sí, ibẹ̀ náà ni ó kú sí. Koizumi Yakumo ni àwọn ará Jàpáànì mọ̀ ọ́n sí títí di òní, wọ́n sì ka àwọn ìtàn abàmì tí ó kọ mọ́ ogún tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ wọ́n.

Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá fún ìdí méjì. Èkíní ni pé àwọn ohun tí à ń kọ́ lábẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn, bí òwe, orin, àlọ́ àti ìtàn iwin, ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣà jọ. Èkejì ni pé ẹnu àwọn obìnrin tí ó bá gbé ilé ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ó wà lẹ́yìn ìwé. Ó yẹ kí á mọ ẹni tí ó pa ìtàn náà fún un, àti ohun tí ó mú kí ó máa wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kiri.

Ìbí rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀

A bí i ní ọjọ́ 27 oṣù Òkúdu, ọdún 1850, ní Lefkada, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Gíríìsì tí ó wà lábẹ́ àbójútó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Patrick Lafcadio Hearn ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Patrick jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ tí àwọn ará Írẹ́láńdì ń bọlá fún. Lafcadio sì jẹ yọ láti ara orúkọ erékùṣù tí a bí i sí. Nígbà tí ó dàgbà, ó ju Patrick nù, ó sì di Lafcadio mú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lásán, nítorí orúkọ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìlú ìyá rẹ̀.

Charles Bush Hearn, bàbá rẹ̀, jẹ́ oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Rosa Kassimati, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ erékùṣù Kythera. Ọdún 1849 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìlànà ìjọ Gíríìsì. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun fi gbé Charles lọ sí àwọn erékùṣù Karibíà. Ní ọdún 1852, Rosa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Dublin, sí àárín àwọn ẹbí ọkọ tí kò rí rí. Kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Òtútù ilẹ̀ náà kò sì bá a lára mu. Àárẹ̀ ọkàn mú un. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yóò fi padà dé, ìfẹ́ àárín wọn ti tutù.

Ní ọdún 1854, Rosa padà sí Gíríìsì pẹ̀lú oyún nínú, ó sì fi ọmọ tí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sílẹ̀ ní Dublin. Ọmọ náà kò tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1857, wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká lábẹ́ òfin. Charles fẹ́ obìnrin mìíràn, ó sì lọ sìn ní Íńdíà. Ibà pa á ní ọdún 1866 nígbà tí ó ń bọ̀ wálé. Rosa náà fẹ́ ọkọ mìíràn, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní erékùṣù Corfu ni ó kú sí ní ọdún 1882.

Ìrántí díẹ̀ ni ó kù sí ọmọ náà lọ́kàn nípa ìyá rẹ̀: ojú tí ó dúdú díẹ̀, àti ẹyinjú ńlá. Ní ọdún 1890, àbúrò rẹ̀ tí ìyá wọn lóyún rẹ̀ lọ sí Gíríìsì kọ lẹ́tà sí i láti ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí. Nínú èsì rẹ̀, Hearn gbèjà ìyá wọn gidigidi. Ó ní bí ohun rere kankan bá wà nínú òun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti wá. Bàbá wọn ni ó dá lẹ́bi.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Sarah Brenane, opó ọlọ́rọ̀ kan nínú ẹbí ìyá bàbá rẹ̀, ni ó gbà á tọ́. Obìnrin yìí jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí kò fi ẹ̀sìn ṣeré. Ilé rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé mìíràn níbẹ̀. Lafcadio ń bẹ̀rù òkùnkùn. Ó ní òun máa ń rí iwin lóru. Láti wo ẹ̀rù náà sàn, wọ́n pàṣẹ pé kí ó máa dá sùn nínú yàrá tí kò sí àtùpà, kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀rù náà kò lọ. Ó kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún nínú ìwé Shadowings (1900), ó sì hàn níbẹ̀ pé kò gbàgbé ìkankan nínú ohun tí ó rí.

Ní ọdún 1863, wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ Ushaw, nítòsí ìlú Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ó ti farapa ní ojú òsì níbi eré nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ojú náà fọ́, fúnfun sì bò ó. Èyí tí ó kù náà kò ríran jìnnà, ó sì wú síta nítorí ìwé kíkà. Láti ìgbà náà lọ, ojú ń tì í. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, apá ọ̀tún ni ó máa ń kọ sí wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí owó opó tí ń tọ́ ọ fi wọmi sínú òwò tí kò yọrí. Wọ́n mú un kúrò ní ilé ìwé. Ní ọdún 1869, wọ́n san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún orí rẹ̀.

Cincinnati: iṣẹ́ ìròyìn àti ìgbéyàwó kìíní

Ebi pa á ní Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio. Henry Watkin, atẹ̀wé kan tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ni ó ṣàánú rẹ̀. Ó jẹ́ kí ó máa sùn sórí àwọn gékúrú bébà ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ní ọdún 1872, Hearn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fún ìwé ìròyìn Cincinnati Enquirer. Ìròyìn rẹ̀ nípa ìpànìyàn kan ní ibùdó àwọn afárọ ní ọdún 1874 sọ ọ́ di olókìkí nílùú.

Ní ilé tí ó ti ń gbé yàrá, ó pàdé Alethea Foley, tí wọ́n ń pè ní Mattie, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí a bí sínú oko ẹrú ní Kentucky, tí ó sì ń dáná fún àwọn ayálégbé. Mattie mọ ìtàn pa. Ó sì máa ń sọ nípa àwọn òkú tí ó ní òun ti fojú rí. Hearn jókòó tì í, ó gbọ́, ó sì sọ ohun tí ó gbọ́ di ìròyìn. Ní ọdún 1874, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Ohio kò gbà kí funfun àti dúdú fẹ́ ara wọn. Ní ọdún kejì, ilé iṣẹ́ rẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìròyìn mìíràn sì gbà á. Ní àkókò yìí ni ó ń lọ sí etídò láti kọ orin àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ń kó ẹrù ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀.

Ìgbéyàwó náà kò kalẹ́. Ní ọdún 1877, Hearn kúrò nílùú, ó sì fi Mattie sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Mattie lọ sí kóòtù láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí opó, ṣùgbọ́n òfin tí kò gba ìgbéyàwó wọn kò lè gba ẹ̀tọ́ tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ń kọ ìtàn Hearn kò gbọdọ̀ fo orí ìwé yìí. Mattie ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé rẹ̀ tí ó fún un ní ìtàn, kò sì rí èrè kankan níbẹ̀.

New Orleans àti Martinique

Ọdún mẹ́wàá ni Hearn lò ní New Orleans. Ìlú náà kún fún àwọn ènìyàn tí ìran wọn ti Áfíríkà, Faransé àti Sípéènì wá, èdè Kírió wọn sì wọ̀ ọ́ lára. Ní ọdún 1885, ó tẹ ìwé méjì jáde tí ó fi irú ọkàn rẹ̀ hàn: Gombo Zhèbes, àkójọ òwe láti inú èdè Kírió mẹ́fà, àti La Cuisine Créole, àkójọ oúnjẹ ìlú náà. Láti ọdún 1887 sí 1889, ó gbé ní Saint-Pierre ní erékùṣù Martinique. Ibẹ̀ náà ni ó ti ń tẹ́tí sí àlọ́ àti ìtàn àwọn òkú tí ń rìn lóru. Nígbà tí òkè Pelée bú gbàmù ní ọdún 1902 tí ó sì pa ìlú Saint-Pierre run, ìwé Hearn wà lára ohun tí ó kù tí ó ṣàpèjúwe bí àwọn ará ìlú náà ti ń gbé.

New Orleans yìí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì, níbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1884. Hattori Ichizō, aṣojú ìjọba Jàpáànì níbi ìpàtẹ náà, mú sùúrù dá gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lóhùn. Ojúlùmọ̀ yìí wúlò lẹ́yìn ọ̀la.

Matsue: ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú Setsu

Ní oṣù Igbe, ọdún 1890, Hearn gúnlẹ̀ sí Yokohama gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn fún ilé iṣẹ́ ìwé kan ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí òun àti wọn fi jà lórí owó, ó sì já àdéhùn náà. Ẹni ogójì ọdún ni, olójú kan, kò níṣẹ́, kò lẹ́bí, kò sì gbọ́ èdè ìlú. Hattori àti Basil Hall Chamberlain, ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ń kọ́ni ní Tokyo, ràn án lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Matsue, ìlú kékeré kan lẹ́bàá adágún ní agbègbè Izumo ìgbàanì. Ó dé ibẹ̀ ní oṣù Ògún ọdún náà. Nishida Sentarō, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, di ọ̀rẹ́ àti amọ̀nà rẹ̀.

Òtútù ọdún tí ó tẹ̀lé e dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n wá obìnrin tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, Koizumi Setsu sì ni wọ́n rí. A bí Setsu ní oṣù Èrèlè ọdún 1868 sínú ìdílé samurai, ìyẹn àwọn ológun tí ń jẹ lábẹ́ olóyè ìlú. Ọdún yẹn gan-an ni ètò ìjọba yí padà ní Jàpáànì, tí owó tí ìran samurai ń jẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìdílé Inagaki, tí kò bímọ, ni wọ́n gbé Setsu fún láti ìkókó kí wọ́n tọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ láti bọ́ àwọn àgbà ilé. Ọkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fún un sá lọ nítorí gbèsè ilé náà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Hearn, òun náà jẹ́ ẹni tí wọ́n ti gbà ṣọmọ, tí wọ́n sì ti kọ̀ sílẹ̀. Láàárín ọdún 1891 ni wọ́n di tọkọtaya.

Kò sí èdè kan tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́. Setsu ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé kékeré kan, bí ó ti gbọ́ ọ létí ni ó ń fi lẹ́tà Jàpáànì kọ ọ́. Hearn ní tirẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ Jàpáànì pọ̀ láìka gírámà sí. Láti inú èyí ni èdè ilé kan ti jáde tí ará ìta kò lè gbọ́ dáadáa. Èdè náà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, èdè náà ni wọ́n fi jà, òun náà sì ni gbogbo ìtàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gbà kọjá.

Orúkọ tuntun

Ní oṣù Bélú ọdún 1891, wọ́n kó lọ sí Kumamoto, níbi tí owó oṣù rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Kì í ṣe Setsu nìkan ni ó bá a lọ. Àwọn òbí tí ó tọ́ Setsu àti bàbá àgbà wọn náà wá bá wọn gbé. Hearn tí kò ní ẹbí di ẹni tí ń bọ́ agboolé. Kò ráhùn. Ó kọ́ bí a ti ń kí àgbà láàárọ̀, ó sì ń bá wọn tan iná síwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá. Ní oṣù Bélú ọdún 1893, a bí àkọ́bí rẹ̀, Kazuo. Iwao, Kiyoshi àti Suzuko, ọmọbìnrin, tẹ̀lé e.

Ìbí Kazuo mú ọ̀ràn òfin wá. Bí Setsu bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aya àlejò, yóò sọ jíjẹ́ ọmọ Jàpáànì nù. Bí kò bá sì forúkọ sílẹ̀, ohun ìní ọkọ lè bọ́ mọ́ òun àti àwọn ọmọ lọ́wọ́. Hearn mọ irú ọ̀ràn yìí. Ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ tú nítorí ìwé tí kò pé. Ìgbéyàwó òun àti Mattie kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó yí padà. Ní ọdún 1896, ìdílé Koizumi gbà á wọlé, ó sì di ọmọ Jàpáànì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyàwó ni ó ń wọ ilé ọkọ. Níhìn-ín, ọkọ ni ó wọ ilé ìyàwó, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ wọn. Yakumo, orúkọ tí ó fi tẹ̀lé e, túmọ̀ sí àwọsánmà mẹ́jọ. Ó wá láti inú ewì àtijọ́ kan tí ó so mọ́ Izumo, agbègbè tí ó ti pàdé Setsu.

Bí ìtàn ti ń dé inú ìwé

Ìwé Hearn lórí Jàpáànì lé ní mẹ́wàá. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde, Glimpses of Unfamiliar Japan (1894), dá lé Matsue àti agbègbè rẹ̀. Kokoro (1896), In Ghostly Japan (1899), Kottō (1902) àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni Kwaidan, tí ó jáde ní ọdún 1904. Hearn kò lè ka ìwé Jàpáànì àtijọ́ fúnra rẹ̀. Báwo ni ìtàn inú wọn ṣe dé ọwọ́ rẹ̀?

Setsu dáhùn ìbéèrè yìí nínú ìwé ìrántí tí ó sọ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó máa ń lọ wá ìwé ìtàn àtijọ́ ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù ìwé, á sì kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní òru tí ilé bá dákẹ́, á rẹ òwú àtùpà sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Hearn kò gbà kí ó mú ìwé dání. Ó fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àti èrò tirẹ̀. Bí ìtàn bá dé ibi tí ẹ̀rù wà, ojú rẹ̀ á yí padà, á ní kí Setsu tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Á béèrè bí ohùn ẹni náà ti rí, bí bàtà onígi ti ń dún, àti irú òru tí òru náà jẹ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni wọ́n jọ ń wá. Ìtàn náà a máa bá Setsu lọ sójú oorun, á sì máa lá àlákálàá.

Ìtàn Hōichi ni ó ṣe àpẹẹrẹ jù. Afọ́jú ni Hōichi. Ó ń lu biwa, ohun èlò orin olókùn, ó sì ń fi kọ ìtàn ogun tí ó pa ìdílé Heike run lójú omi ní Dan-no-ura ní ọdún 1185. Àwọn òkú Heike fúnra wọn ni wọ́n ń wá mú un lóru kí ó wá kọrin ikú wọn fún wọn. Láti gbà á sílẹ̀, àlùfáà Búdà kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sí gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé etí méjèèjì. Etí nìkan ni iwin tí ó wá pè é rí, ó sì fà á já lọ. Nínú ìwé àtijọ́, ìtàn yìí kúrú. Hearn fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ sí i. Setsu rántí pé ọkọ òun ń jókòó sínú òkùnkùn láìtan iná nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí òun pe orúkọ Hōichi jẹ́jẹ́ láti yàrá kejì, ọkọ òun jẹ́ ẹ bí afọ́jú tí kò mọ ẹni tí ń pe òun. Olójú kan tí ó bẹ̀rù òkùnkùn ní Dublin wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná kí ìtàn lè dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣeré egúngún kò ní ṣàì lóye ohun tí Hearn rí ní ilẹ̀ náà. Àwọn ará Jàpáànì gbà pé òkú ilé kì í lọ jìnnà. Nígbà ọdún Bon, wọ́n ń tan fìtílà kí àwọn òkú lè mọ ọ̀nà wálé, wọ́n sì ń fi iná sìn wọ́n padà. Nínú Japan: An Attempt at Interpretation (1904), Hearn ṣàlàyé pé bíbọ àwọn baba ńlá ni ìpìlẹ̀ ilé, òfin àti ìjọba Jàpáànì. Fún ẹni tí kò mọ ibojì ìyá rẹ̀, ìgbàgbọ́ pé òkú ń padà wálé lọ́dọọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwádìí lásán.

Tokyo àti ikú rẹ̀

Lẹ́yìn tí ó ti kọ̀wé fún ìwé ìròyìn kan ní Kobe, Hearn gba iṣẹ́ ní Yunifásítì Ìjọba ní Tokyo ní ọdún 1896, ó sì kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bí ọdún méje. Kò fẹ́ràn Tokyo, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣeé tẹ̀ bí ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1903, yunifásítì náà fi òpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, ṣùgbọ́n kò yí padà. Natsume Sōseki, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ó lókìkí jù ní Jàpáànì, wà lára àwọn tí ó gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1904, Yunifásítì Waseda pè é láti wá kọ́ni.

Kò pẹ́ níbẹ̀. Àìsàn ọkàn pa á ní ilé rẹ̀ ní Tokyo ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún 1904, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Wọ́n sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn Búdà sí itẹ́ òkú Zōshigaya. Setsu wà láyé títí di ọdún 1932, ó sì sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kazuo náà kọ ìwé nípa bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé.

Ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀

Àwọn alámèyítọ́ kan sọ pé Jàpáànì àtijọ́ ni Hearn fẹ́ràn jù, pé ó kọjú kúrò lára ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọkọ̀ ojú irin àti àwọn ọmọ ogun tí ń yí ilẹ̀ náà padà lójú rẹ̀. Òótọ́ wà nínú èyí. Síbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń parẹ́ ni ó lé, ìtàn púpọ̀ wà tí àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn mọ̀ lónìí nípasẹ̀ ìwé rẹ̀, tí wọ́n túmọ̀ padà sí èdè wọn. Yuki-onna, obìnrin yìnyín, jẹ́ ọ̀kan. Hearn kọ ọ́ pé àgbẹ̀ kan ní ó sọ ọ́ fún òun. Ní ọdún 1964, Kobayashi Masaki fi àwọn ìtàn Hearn ṣe fíìmù Kwaidan, tí ó gba ẹ̀bùn ní Cannes ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni ìtàn ṣì wà. Hearn ni ó to gbólóhùn, òun ni ó yan ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde. Kò sí ẹni tí ó lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí Setsu, kò sí Kwaidan. Òun ni ó wá ìwé, òun ni ó kà á, òun ni ó sọ òkú ọ̀rọ̀ inú ìwé di ohùn alààyè. Ó tó nǹkan bí ọgọ́fà ọdún kí orúkọ rẹ̀ tó kárí Jàpáànì. Ní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK gbé eré aláàárọ̀ kan jáde tí a gbé ka ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni ìgbésí ayé yìí kọ́ wa. Ìkíní, pípàdánù lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohun tí àwọn tí ó ní ilé kò fetí sí. Ìkejì, ẹbí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Hearn àti Setsu, tí ilé ti tú mọ́ àwọn méjèèjì lórí, kọ́ ilé mìíràn pẹ̀lú èdè tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀dá. Ìkẹta kan akẹ́kọ̀ọ́ ní tààrà. Bí a bá lọ gba àlọ́, oríkì tàbí ìtàn ìdílé sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹnu kan ni a ti gbọ́ ọ, ẹnu náà sì lórúkọ. Kí a kọ orúkọ náà sílẹ̀, pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láyé láti gbọ́ pé a dúpẹ́.